Ìwé Tí Tàíbátù Gàn Kó Tó Jáde

Ní ọdún tí wọ́n ń la ọ̀nà ńlá láti Maroko lọ sí Ẹ̀pẹ́, bí àlejò bá dé Addo, nítòsí Ajah, tó sì béèrè ilé Tàíbátù, ẹni tí wọ́n bi léèrè á kọ́kọ́ káàánú àlejò náà, á wá fi ọwọ́ júwe ilé ọ̀hún láì bá a débẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ojú obìnrin náà bà lé òun láìnídìí. Ojú yẹn kì í wo ènìyàn lásán. Láti orí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ dé bàtà, á tún padà sókè. Kó tó wò ó tán, ẹni tó ń wò á ti gbà nínú ara rẹ̀ pé òun kò já mọ́ nǹkan kan.

Ọmọ onílẹ̀ ni Tàíbátù. Àwọn bàbá rẹ̀ ló ni ilẹ̀ láti etí ọ̀sà títí wọnú igbó àgbọn. Nígbà tí àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra ilẹ̀ ọ̀hún, tí ìdílé sì ń pín ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ilé ra mọ́tò, wọ́n fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Tàíbátù fi tirẹ̀ kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù, ó sì fi àwọn yàrá rẹ̀ háyà. Mọ́tò tí Jímọ̀ àbúrò rẹ̀ rà kò pẹ́ tó fi kú sí ẹ̀yìnkùlé, adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Bí Tàíbátù bá ń kọjá níbẹ̀, á yà kí àwọn adìyẹ náà: "Ẹ kú ìrìn o. Ibo lẹ gbé e dé lónìí?" Jímọ̀ á wà nínú yàrá, á máa gbọ́, kò ní yọjú.

Bó ṣe ń gan àwọn tó ń ta ilẹ̀, ó ń gan àwọn tó ń rà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù sínú oòrùn, tí wọ́n ń fi bàtà dídán tẹ ẹrẹ̀ Lakowe àti ti Awoyaya, tí wọ́n á nàka sí irà, tí wọ́n á ní ibẹ̀ máa dára lọ́jọ́ iwájú. "Ọ̀pọ̀lọ́ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́," ni Tàíbátù máa ń wí. "Òun ló kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀."

Inú ilé Tàíbátù yìí ni Modúpẹ́ wá gba yàrá sí. Tíṣà ni, ọmọ Oǹdó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí Ajah. Ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń lo awò ojú ni. Ẹrù rẹ̀ kò ju àpótí aṣọ, ẹní àti ẹ̀rọ táípù kan tó wúwo bí ọlọ ata. Bó bá ti ti súkúù dé lọ́sàn-án, ẹ̀rọ náà ò ní sinmi mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́: kà-kà-kà, gbì! Kà-kà-kà, gbì!

"Kí lò ń kàn níbẹ̀?" Tàíbátù bi í láti ojú fèrèsé. "Ṣé pósí ni?"

"Ìwé ni mò ń kọ, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ariwo rẹ̀."

"Ìwé kẹ̀? Àwọn tó ti wà nílẹ̀, ṣé o ti kà wọ́n tán?"

Modúpẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló ya Tàíbátù lẹ́nu. Àwọn ayálégbé yòókù kì í rẹ́rìn-ín bó bá bá wọn sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò.

Sìlífátù ló wá gbé ọ̀rọ̀ ìwé náà wọlé débi tí kò fi ní jáde mọ́. Ọmọ ọmọ Tàíbátù ni, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kíláàsì Modúpẹ́ ló sì wà. Modúpẹ́ ti sọ fún wọn ní kíláàsì pé ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé ní Yaba ti gba ìwé òun, pé yóò jáde kí ọdún tó parí, àti pé àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwọn lòun kọ ọ́ fún. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ náà ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu.

"Ìyá Àgbà, òkun ló máa bo ayé," ni Sìlífátù wí níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Gbogbo àgbàlagbà ni omi máa gbé lọ. Àwọn tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nìkan ló máa ṣẹ́kù, lórí ilẹ̀ yanrìn kan báyìí. Ibí yìí ni o! Ajah wa yìí! Orúkọ ìwé náà ni *Àwọn Tó Ṣẹ́kù Sórí Yanrìn*."

Tàíbátù pòṣé, ó fà á gùn. "Ta ló máa bá wọn gun àgbọn?"

"Wọ́n á gùn ún fúnra wọn."

"Ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tí wọ́n gbọ́dọ̀ pè títí kí ẹ tó fọ abọ́ tí ẹ fi jẹun? Ayé wà báyìí, ẹ ò lè gbálẹ̀. Ìgbà tó bá parẹ́ tán lẹ máa wá dá ìlú sílẹ̀."

"Ìtàn ni, Ìyá Àgbà."

"Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Irọ́ tí wọ́n wọ aṣọ fún lẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run Ọba nìkan ló mọ ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ tí ayé máa parẹ́. Ọmọ Oǹdó kan, tí kò tíì fojú rí òkun kó tó di pé wọ́n gbé e wá síbí, òun ló fẹ́ wá sọ fún wa bí omi ṣe ń pa ènìyàn."

Ó gba ẹ̀wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì lé e lọ pọnmi, bẹ́ẹ̀ ìkòkò omi kún.

Ìretí ìwé náà wá di àrùn láàárín àwọn ọmọ. Wọ́n ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kà á, wọ́n ń jà lórí rẹ̀. Mọ́rúfù ọmọ télọ̀ ní òun ti lá àlá ìwé náà, pé ewé rẹ̀ tutù. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Tàíbátù gbọ́ tí wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé rẹ̀ tí wọ́n ń pín àdúgbò fún ara wọn de ìgbà tí òkun bá bo ayé tán. Mọ́rúfù gba ilé lémọ́mù. Wọ́n fún Sìlífátù ní ilé Tàíbátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ti ń bẹ̀ ẹ́ fún yàrá tí atẹ́gùn ti ń wọlé.

Tàíbátù yọ sí wọn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ẹ kú ogún jíjẹ. Mo wà láàyè, ẹ ti ń pín ilé mi. Ẹ ò tilẹ̀ dúró kí n kú, kí wọ́n ṣe fídáù mi tán?"

Wọ́n tú ká bí eṣinṣin. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn wọn, ó yọ ṣùtì sí wọn. Ìwé tí kò sẹ́ni tó tíì rí, tí kò tíì ní ẹ̀yìn, tí kò tíì ní inú! Ó ní òun ti rí ọmọ tó ń retí aṣọ Iléyá, òun ti rí ọmọ tó ń retí ìyá rẹ̀ láti ọjà, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń retí kí ayé parẹ́ kó lè rí nǹkan kà, ti Addo nìkan lòun ṣì rí.

Síbẹ̀, òun náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Bí Sìlífátù bá wọlé, Tàíbátù á ní, láì gbójú sókè, "Àwọn ọmọ òrukàn orí yanrìn yẹn, ṣé wọ́n ti jẹun lónìí?" Sìlífátù mọ àwọn tó ń wí. Nígbà mìíràn, á ti gbọ́ nǹkan lẹ́nu tíṣà rẹ̀, á ní wọ́n ti rí ẹja pa, tàbí pé ọmọbìnrin kan nínú wọn, Àṣàbí, ti ń fi ilẹ̀kùn ṣe ọkọ̀ láti la ọ̀sà kọjá.

"Ilẹ̀kùn ta ni?" ni Tàíbátù máa bi í.

"Kò sẹ́ni tó ni ín mọ́, Ìyá Àgbà. Gbogbo wọn ti kú."

"Ẹni tó ni ilé ló ni ilẹ̀kùn, ì báà kú. Olè ni Àṣàbí." Á pòṣé. Ṣùgbọ́n kì í dìde lọ. Á jókòó síbẹ̀ títí á fi gbọ́ bóyá ọkọ̀ náà léfòó.

Ọjọ́ tí wọ́n parí táàmù, ilé ẹ̀kọ́ pe àwọn òbí. Tàíbátù lọ, ó wọ léèsì, ó fi ìborùn borí, ó jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú pẹ̀lú àwọn àgbà àdúgbò. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ títí tí àwọn ọmọ ọwọ́ fi sùn tí wọ́n sì jí. Tàíbátù wo bàtà ọkùnrin náà, ó wo táì rẹ̀, ó mójú kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Modúpẹ́ pé kó wá ka díẹ̀ nínú ìwé tí gbogbo ènìyàn ń retí. Àwọn ọmọ hó yèè. Modúpẹ́ kó ìwé táípù rẹ̀ dání, ó ti awò rẹ̀ sókè, ó kà:

"Gbogbo ayé ń sá, obìnrin kan kò sá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. Ó wo òkun láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni pé òkun ní ẹsẹ̀. Ó ní, 'Ìwọ náà ni wọ́n ń pè ní òkun? Omi lásán-làsàn! Ohun tí a fi ń ṣan ẹja! Kò síbi tí o dé rí tí wọ́n ti fún ọ ní àga pé kí o jókòó. Olè ni ọ́. Ohun tí o kò lè jẹ lò ń kó.' Òkun dé, ó gbé e lọ. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ló gbẹ̀yìn wọlé sínú omi."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí bẹ́ǹṣì iwájú, wọ́n ń tọ́ka. Àwọn òbí tó jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń nu omi lójú. Ṣùgbọ́n lórí bẹ́ǹṣì iwájú, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Jímọ̀ doríkodò. Bàbá àgbàlagbà kan ń pe orúkọ Ọlọ́run lábẹ́ ẹnu. Tàíbátù dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó rìn jáde láàárín ẹ̀rín náà, kò yára, kò sì wo ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àwọn àgbà mọ̀ nìyí. Ní ọdún tó ṣáájú ogun abẹ́lé, kò tíì sí ọ̀nà mọ́tò gidi láti Ajah lọ sí Èkó. Ojú omi ni wọ́n ń gbà. Kàsímù ọkọ Tàíbátù ló máa ń kó àgbọn lọ tà. Ìjì bá a lójú ọ̀sà. Pátákó ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀, àgbọn léfòó wá sí èbúté, ṣùgbọ́n Kàsímù kò dé, òkú rẹ̀ kò sì dé. Wọ́n kírun sí i lára láìsí òkú níwájú wọn. Nígbà tí àwọn tó wá kí i lọ tán, Tàíbátù bọ́ sí etí ọ̀sà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú omi. Ó bú u láti ìyálẹ̀ta títí ohùn rẹ̀ fi há, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá gbé e wálé. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ níwájú rẹ̀. Kódà Sìlífátù kò mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé àìsàn ló pa bàbá àgbà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Modúpẹ́ wá kúnlẹ̀ sí iwájú Tàíbátù ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Àbúrò yín, Bàbá Jímọ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. N ò mọ̀ rárá."

"Ta ló sọ ọ́ fún ọ kí o tó kọ ọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Ẹnu yín tí mò ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni. Mo kàn rò ó pé bí òkun bá dé lóòótọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sá."

Tàíbátù bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti orí. Ojú rẹ̀ dé àyà, ó dúró síbẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀.

"Wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́," ni Modúpẹ́ wí. "Màá kọ̀wé sí wọn. Màá ní kí wọ́n yọ ọ́."

"Yọ kí ni?"

"Obìnrin yẹn, Màmá."

"O yọ obìnrin yẹn, ta ló wá máa bú u? Àṣàbí, olè ilẹ̀kùn?" Tàíbátù pòṣé. "Dìde níbẹ̀ jàre. Ọ̀sà ni, kì í ṣe òkun. O ò tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn, o ń kọ̀wé. Ìbú tí o bú u náà kò sì tó nǹkan. 'Ohun tí a fi ń ṣan ẹja.' Ṣé ìbú nìyẹn? Ìpolówó ọjà ni."

Modúpẹ́ kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún. Ó rọra jókòó sílẹ̀. "Kí lẹ sọ fún un lọ́jọ́ yẹn, Màmá?"

Tàíbátù ń wo òde, níbi tí oòrùn ti ń pa yanrìn.

"Mo sọ púpọ̀. Mo ní kó dá fìlà ọkọ mi padà. Fìlà tuntun ni, èmi ni mo ṣe é fún un. Mo ní, ìwọ omi, o ò lórí, kí lo fẹ́ fi fìlà ṣe?"

Bó ti sọ ọ́ tán, ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé gbọ́ ẹ̀rọ táípù Modúpẹ́, ṣùgbọ́n kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀: kà, á dákẹ́, kà, á tún dákẹ́.

Ọdún parí, ìwé kò jáde. Àwọn sójà gba ìjọba, ọjà gbówó lórí, àwọn tó ń tẹ ìwé ní kò sí bébà. Àwọn ọmọ lọ sí kíláàsì tuntun pẹ̀lú ìrètí kan náà. Tàíbátù, tó ti ń gan ìwé tẹ́lẹ̀, wá ń gan àwọn tí kò lè tẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó wé gèlè, ó ní kí Modúpẹ́ ṣáájú, àwọn méjèèjì sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Yaba.

Máníjà ibẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Dúró, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó fún wọn ní àga. Tàíbátù kò jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ ni ibí?"

"Èmi ni máníjà, Màmá. Ẹ ṣe sùúrù fún wa. Ìwé náà ń bọ̀."

"Ó ń bọ̀ láti ibo? Ẹsẹ̀ ló ń fi rìn ni?"

"Bébà ni, Màmá. Láti òkè òkun ló ń wá."

"Ṣé ẹ ò wá lójú ni? Àwọn ọmọ tó ń dúró dè é ń dàgbà. Àwọn kan nínú wọn máa tó pé ọmọ ogún ọdún, omi á sì gbé wọn lọ kí ẹ tó rí bébà. Ta ló wá máa ṣẹ́kù?" Ó yíjú sí Modúpẹ́. "Irú àwọn báyìí lo gbé ìwé fún? Ẹni tí kò rí bébà tó ní òun ń tẹ̀wé, kí ló fi yàtọ̀ sí apẹja tí kò ní omi?"

Ọ̀gbẹ́ni Dúró rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Tàíbátù wo ìgò náà, ó ní òun kò bá ọlẹ mu nǹkan. Èébú náà kò mú nǹkan jáde. Wọ́n padà wálé bí wọ́n ṣe lọ, Modúpẹ́ ń bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, òun ń gan ilé Yaba, ó ń gan àwọn wáyà iná tó wà lókè, ó ń gan àwọn tó ń sáré níbi tí kò sóhun tó ń lé wọn.

Ìgbà tí bébà dé ni wọ́n tẹ ìwé náà, lẹ́yìn Iléyá. Páálí kan ni Modúpẹ́ gbé sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ ti bò ó kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Mọ́rúfù kọ́ ló kọ́kọ́ kà á. Sìlífátù ló jí ẹ̀yọ kan gbé sá wọ ilé. Tàíbátù gba ẹ̀yọ kan, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ya obìnrin kan síbẹ̀ tó dúró níwájú ìgbì omi, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, tó kun ètè ní pupa.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá," ni Modúpẹ́ wí, ojú sì tì í. "Ayàwòrán náà kò rí yín rí."

"Èyí ló bú omi? Èyí kò lè bú ewúrẹ́."

Sìlífátù ka tirẹ̀ tán lọ́jọ́ náà, ó sunkún, kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tó yá, ó wá jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ fìlà tí obìnrin inú ìwé yẹn sọ fún òkun, ta ló ni fìlà?" Tàíbátù ní kó sún mọ́ òun, ó sì sọ ọ̀rọ̀ Kàsímù fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe máa ń rìn, bó ṣe máa ń jẹ̀bà gbígbóná, àti ọjọ́ ìjì náà. Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyẹn ni ìgbà kìíní tí Tàíbátù dárúkọ ọkùnrin náà nínú ilé tó kọ́.

Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ mú ìwé. Ó ka ìwé dé kíláàsì kẹrin kí bàbá rẹ̀ tó yọ ọ́ ní súkúù, kò sì gbàgbé. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ẹni tó bá kí i kò ní rí èsì. Gbogbo ilé ń gbọ́ òṣé rẹ̀. Ó pòṣé sí àwọn ọmọ orí yanrìn nígbà tí wọ́n yan alága. Ó pòṣé sí Àṣàbí nígbà tó ní òun fẹ́ràn ọmọ apẹja kan. "Ayé parẹ́, ẹ̀yin rí àyè ìfẹ́."

Modúpẹ́ kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Màmá, báwo lẹ ṣe rí i?"

"Kò dára."

"Ibo ni kò dára níbẹ̀, Màmá?"

"Láti ìgbà tí mo ti kú, kò sí ènìyàn gidi kankan nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ kéékèèké ló kù, wọ́n ń rojọ́ kiri."

Sìlífátù na ọwọ́ pé kóun bá a gbé ìwé náà wọlé, nígbà tí kò ti dára. Tàíbátù gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó wá ibi tí ìka rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Àṣàbí ti dé àárín ọ̀sà, ìjì sì ń bọ̀.